Ta Ló Ń Nu Páńẹ́lì Èbúté Wa?

Olóòtú ètò rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi kò fi ètò yín ṣeré rí, òun ni mo sì kọ lẹ́tà yìí sí.

Bàbá Mubarakah, ó pé ogójì ọjọ́ lónìí tí a sin yín. Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iná mànàmáná ní yunifásítì, ìdí iná sólà tí ẹ ṣe fún àwọn apẹja ní èbúté Ìwòrò lẹ ti ń lo ìsinmi yín. Ọkùnrin kan ló ń wá nu páńẹ́lì rẹ̀ tó ń gba oòrùn báyìí. A ò mọ̀ ọ́n rí. Naheem àbúrò yín ní, "Ìyá Mubarakah, bátìrì lojú ẹ̀ wà. Olè tó ń gbálẹ̀ kó tó jalè ni!"

Lánàá, mo bi ọkùnrin náà pé, "Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Ẹ sáà fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé bátìrì."

Mi ò fún un. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan wáyà ara páńẹ́lì, ó ti ọwọ́ òsì bọ àpò. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí iná má baà gba àyà wọn kọjá. Mo bi í bóyá ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ó wolẹ̀, ó ń nu páńẹ́lì rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fún un ní kọ́kọ́rọ́? Àbí olè pàápàá lè mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá Mubarakah, títí wọn yóò fi dáhùn, èmi ni n ó máa nu páńẹ́lì yín láràárọ̀, n ó sì fi ọwọ́ òsì mi sẹ́yìn.