Orúkọ tí Sabine Fún Ìtùnú

Ikpoba Hill, Benin.

Akíntúndé ọmọ mi,

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, alága ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì níbí kí ọ, Ìtùnú àbúrò rẹ náà kí ọ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Atẹ́gùn ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, a ti kàn án padà. Ọjà aṣọ mi ní Ọjà Ọba kò yá, ṣùgbọ́n a ń jẹun.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù, pé bí ìwé ìgbélùú Jámánì bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wàá kọ Sabine sílẹ̀, kí á lọ bá ọ tọrọ Morọ́láyọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ ní Aduwawa. N kò ní lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Sabine pè mí ní fídíò. Ó ní o kọ́ òun pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, kí òun lè rí nǹkan sọ bí àwọn ìmígíréṣọ̀n bá bi òun nípa ilé wa. Ó ní kí ni kí òun wá máa pe Ìtùnú? Mo ka orúkọ mélòó kan fún un, ó mú Eyínfúnjowó, ó ní nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Ìtùnú tó jẹ́ pé Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn, "Ẹ ṣé, ìyàwó wa" ló sọ.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwé náà jáde. Jọ̀wọ́, fi oògùn ẹsẹ̀ bàbá rẹ ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ máa bọ̀. Bí o bá dá wá, Ìtùnú ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún un ẹni tí yóò máa pè é ní Eyínfúnjowó.

Èmi ni, ìyá rẹ.