Ọjọ́ Àáró Yín Tó Kù

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìdí ọkọ́ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sọ̀rọ̀,

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn lẹ́tà. Tí ìwé kan bá ti Àjàṣẹ́ dé nígbà ayé yín, ẹ ó kọ́kọ́ tì í sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó jẹ́ kí n kà á, bíi pé ìròyìn burúkú á rọ̀ tó bá sùn díẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀. Inú mi ló ń dùn, kò sì sí ẹlòmíì tí mo lè yangàn fún láìjẹ́ pé ó ní mo ti ń gbéra ga.

Wọ́n ti gbé mi padà wá sí Ifangni. Èmi ni olùkọ́ kíláàsì kẹta nílé ìwé wa, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín mú mi lọ. Àsíà tiwa ló wà lórí òpó báyìí. Èdè Faransé la ṣì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ṣá, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo dá ọgbà ẹ̀fọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì wa. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣe ìṣirò lórí ebè, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí ẹ̀wà ṣe ń hù, kí ẹ̀fọ́ sì wà níbẹ̀ fún gbogbo àdúgbò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí kànga ilé ìwé kì í gbẹ. Lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n mú ọkọ́ wá, ìdajì wọn kò yọjú. Àwọn bàbá wọn ló wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúró síta ọgbà ilé ìwé, ojú wọn le koko. Bàbá Ìdòwú ọ̀rẹ́ yín ló ṣáájú. Àlàkẹ́, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ni orí rẹ̀ pé jù nínú kíláàsì mi. Bàbá rẹ̀ búra pé tí ọmọ náà bá tún fọwọ́ kan ọkọ́ nílé ìwé, ọjà Igolo ni yóò máa bá ìyá rẹ̀ lọ láti máa ta gààrí, ìwé ti parí nìyẹn. Àwọn yòókù sì mi orí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn jà? Mo rántí ayé Faransé, tí a máa ń ro oko ẹ̀gẹ́ ọ̀gá ilé ìwé láàárọ̀, tí òun nìkan sì ń jẹ ẹ́. Ẹ bá mi nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ọkọ́ ilé wa ni, ẹ gbé e kọ́ èjìká, ẹ sì fà mí lọ́wọ́ lọ sílé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó mú mi padà. Láti ìgbà náà, abẹ́ igi ọdán níta ni ẹ máa ń dúró dè mí, ẹ kò tún tẹ inú ọgbà ilé ìwé. Kí ló dé tí ẹ mú mi padà, Bàbá? Ṣé Ìyá ló bẹ̀ yín ni? Ẹ kò sọ fún mi rí.

Mo ṣèlérí fún àwọn bàbá náà pé ewé kan kò ní wọ ìkòkò mi. Wọn kò gbà mí gbọ́. Bó bá jẹ́ èmi, n kò ní gbà.

Ìgbà yẹn ni àáró yín sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ti bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ jọ ń ṣe àáró, Bàbá Ìdòwú àti àwọn mẹ́ta yòókù, ro oko tiwọn tán, ó ku tiyín, ikú sì dé ṣáájú ọjọ́ náà. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ìdòwú, mo ní mo fẹ́ pe ọjọ́ yín. Ó gbà tayọ̀tayọ̀. Àfìgbà tó bi mí pé oko wo ni, tí mo sì dáhùn pé ẹ̀yìn ilé ìwé. Obì tó wà lẹ́nu rẹ̀, kò jẹ ẹ́ mọ́. Inú bí i gidi. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ àáró ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú?

Wọ́n wá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n di ojú mágbárí. Wọ́n wá rí ebè mi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Àwòrán inú ìwé Faransé ni mo tẹ̀ lé: mo kọ ebè tó gùn, tó sì tọ́, láti òkè ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ́ yẹn dé ìsàlẹ̀. Òjò kan ṣoṣo ló ti kó gbogbo tòmátì mi lọ. Èmi tí mo ti ń bá yín kọ ebè láti kékeré! Bàbá Ìdòwú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ojú tì mí, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ló mú inú wọn rọ̀. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n sì kọ ọ́ dábùú ilẹ̀ kí omi lè dúró.

Àwọn ọmọ tú jáde wá wòran. Àlàkẹ́ mú ọkọ́ bí ẹni mú ọmọ odó, bàbá rẹ̀ kò sì lè rí i kó má sọ̀rọ̀. Ó tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó gbàgbé pé òun búra. Kó tó di ọ̀sán, òun ló ń kọ́ kíláàsì mi, tó ń fi ẹsẹ̀ wọn àlàfo àgbàdo, tí àwọn ọmọ sì ń fi rúlà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà dúró gbọnin. Èmi jókòó sílẹ̀ láàárín wọn. Bàbá, ẹni tí kò mú kálámù rí ni! Orí mi wú.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá báyìí. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, àwọn obìnrin ń wá já tẹ̀tẹ̀ àti gbọ̀rọ̀, àwọn ará Tchaada ń wá gba ọmọ ata lọ gbìn. Ọjà ni èmi ti ń ra ẹ̀fọ́ tèmi, ìyàwó mi sì ń kùn. Níjọ́ tí alábẹ̀wò ilé ìwé wá láti Àjàṣẹ́, Àlàkẹ́ ló fi Faransé ṣàlàyé fún un ìdí tí ebè fi dábùú, kò sì ṣì í sọ níbì kan.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọjọ́ yín ni mo ná, n kò bi yín, inú ọgbà ilé ìwé tí ẹ kọ̀ láti wọ̀ ni mo sì ná an sí. Ṣé ẹ bínú?

Ẹ rántí pé ẹ̀yin márùn-ún máa ń fi ebè ìkẹyìn sílẹ̀ kí olóko fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n fi tiyín sílẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí. Ọkọ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi níbẹ̀ lọ́jọ́sí ni mo fi kọ ọ́, Bàbá. Mo ti gbé e padà wọ ilé ìwé. Ẹ má dúró sábẹ́ igi ọdán mọ́. Ẹ máa bọ̀ nínú ọgbà.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fà lọ́wọ́ lọ, tí ẹ sì tún fà lọ́wọ́ padà.