Ẹ Má Mú Ẹnikẹ́ni Wọ Kọ́ńpìnì Ọṣẹ Yẹn

Ìsọlọ̀,
oṣù kẹta, 1962.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ṣubúọlá,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Kúmásì. Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ẹnikẹ́ni wọ kọ́ńpìnì ọṣẹ tí mo fi lọ̀ yín. Torí pé wọ́n fún wa ní káàdì, a rò pé èsúsú ni. Ṣùgbọ́n nínú èsúsú, a mọ ẹni tí yóò kó gbẹ̀yìn. Ọṣẹ wọn ò tà rárá. Owó ẹni tuntun ni wọ́n ń pín fún ẹni àtijọ́. Nígbà tí a ò rí ènìyàn mú wá mọ́, wọ́n sá lọ.

Èmi ni mo mú Ìyá wọlé. Ìyá náà mú ọ̀rẹ́ wọn, Ìyá Tàwàkálítù. Owó tí màmá yẹn tọ́jú fún aṣọ ìsìnkú ara wọn ni wọ́n san. Wọ́n jáde láyé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá wa ṣí àpótí, wọ́n gbé aṣọ funfun tí wọ́n ti fi pamọ́ de ọjọ́ tiwọn jáde, wọ́n ní ká fi sin ọ̀rẹ́ àwọn.

Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ ẹni mẹ́ta tí ẹ kọ ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ wọlé. Ẹ dá owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn padà fún wọn. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Ẹ bá wa fi aṣọ funfun ránṣẹ́. Ìyá ò béèrè, ṣùgbọ́n àpótí wọn ti ṣófo.

Èmi àbúrò yín,
Àgbékẹ́.