"A Dúpẹ́" Tí Mo Wí Fún Yín Lẹ́yìn Ilé

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú ìfaradà orúnkún tó ń dùn yín. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Jọ́ọ̀sì níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Kúnlé tó máa ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí gbogbo obìnrin ilé wa ní Ayégbajú. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, torí tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí, ẹ ó fi dáná ni.

Òtútù ibí ò lójú àánú. Ètè mi ti bẹ́, mi ò sì rí ẹni bá sọ Èkìtì. Ní ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ àwọn tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu ni wọ́n fi mí sí. Dókítà wa fẹ́ mọ iye nínú wọn tí nǹkan ọkùnrin wọn kì í le mọ́. Kò gbọ́ Yorùbá, ló bá ní kí n máa bi àwọn bàbá tiwa. Mò ń bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì lè bá ìyàwó sùn. Gbogbo wọn ń ní a dúpẹ́, èmi náà sì ń kọ ọ́ pé ara le. Oṣù kan gbáko, kò sí Yorùbá kan tó ń ṣàìsàn yìí. Dókítà ń rẹ́rìn-ín pé irú ẹ̀yà wo lèyí, èmi náà ń bá a rẹ́rìn-ín.

Bàbá kan ará Òmù tó ń ta táyà ló tú u fó. Ó ti dúpẹ́ tán kó tó gbọ́ lóhùn mi pé ará ilé ni mí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, a dúpẹ́ náà la í wí ní ulé òkú." Ó ní ọdún karùn-ún rèé tí tòun ti kú, pé òun purọ́ àgbèrè mọ́ ìyàwó òun kó lè máa lọ.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo tún gbogbo wọn bi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò gba a dúpẹ́ mọ́. Àwọn tó ní rárá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Dókítà ò fi rẹ́rìn-ín mọ́. Orúkọ tèmi ni mo kọ kẹ́yìn.

Ẹ rántí, Ìyá mi. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ pè mí sẹ́yìn ilé, ẹ bi mí pé ṣé ara mi le. Mo ní a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ gbé lé Fúnmi ìyàwó mi lórí. Ẹ ń pè é ní àgàn, ẹ ò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, títí ẹ fi kó ẹrù rẹ̀ síta tí àwọn obìnrin ilé ń kọrin èébú tẹ̀lé e dé títì. Mo jókòó, mò ń jẹ iṣu. Kò tú àṣírí mi títí tó fi wọ mọ́tò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ó bá a. Tèmi ò lò ju ọdún mẹ́ta lọ. Mi ò bá a sùn rí, Ìyá mi. Wúńdíá lẹ lé jáde.

Ẹ wá ní ẹ ti rí ọmọ kan fún mi ní Àsin, pé ìdí ọlọ́mọ ló ní. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ti ń lo oògùn. Ó lè ṣiṣẹ́, ó lè má ṣiṣẹ́.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó fún orúnkún yín lágbára. Ẹ bá mi kí ará ilé pátá, pàápàá àwọn tó kọrin. Bí ará ìjọ bá bi yín lọ́jọ́ Ìsinmi pé ọmọ yín tó wà ní Jọ́ọ̀sì ńkọ́, ẹ má sọ pé ẹ dúpẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Délé