Nídìí Òpó Àárín Ilé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin nìkan tó kù nílé. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ohun tí mo ń sọ yìí.

Ilé tó fara ti tiwa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti wó. Ọ̀sán gangan ni. Òjò ò rọ̀, ìjì ò jà. Ọlọ́run yọ àwọn ará ilé náà, gbogbo wọn ti lọ sí ọjà Ìdúmọ̀tà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ ìró kan nínú ògiri pálọ̀ wa: kó, kó, kó, bí ẹ ṣe máa ń fi ọ̀pá kan ògiri nírọ̀lẹ́, tí ẹ ó wá fi etí lé e, tí ẹ ó máa wá ikán kiri, bí ẹni pé abà oko la ṣì wà. Inú mi dùn. Mo máa ń kàn án padà láti fi kí yín.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹnjinníà kan dé, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti yẹ ilé wò ládùúgbò tí ilé bá ti wó. Ọ̀fẹ́ ni. Obìnrin kékeré kan ló ṣáájú wọn. Mo ní kó lọ yẹ ilé bàbá tirẹ̀ wò. Ìyá Sikira, ayálégbé wa tòkè, ní orí mi le ju òpó ilé lọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa òòlù kékeré yọ, ó kan ògiri, ó sì fi etí lé e. Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo rí. Bí ẹ ṣe máa ń tẹ orí gẹ́lẹ́ ló tẹ tirẹ̀. Mo yà lọ́nà fún un.

Ó lẹ gíláàsì pélébé kan mọ́ ojú ibi tí ògiri ti sán. Ó ní tí ilé bá ṣì ń rìn, yóò fọ́. Kí a tó kírun àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti fọ́. Obìnrin náà wá tọ ojú sísán náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró lórí sàréè yín.

Ẹ̀yin lẹ ní kí a sin yín sí ìdí òpó àárín ilé, kí ẹ lè máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa. Ta ló tó bá yín jiyàn? Obìnrin náà ní ibi tí a gbẹ́ yẹn ni òpó gbé ẹsẹ̀ lé. Láti ìgbà náà ni ilé ti ń bá yín wọlẹ̀ lọ. Ó ní ìró tí mo ń dá lóhùn, òpó tó ń ya ni.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilẹ̀kùn pé kí gbogbo wa jáde. Ìyá Sikira kẹ́rù lọ. Èmi jókòó ti sàréè yín. N ò ní fi yín sílẹ̀. Ìgbà náà ni kíkàn ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í yára, bí ìgbà tí ẹ bá ń kanlẹ̀kùn lé wa dìde lọ sóko. Mo mú fìlà mi, mo jáde.

Ilé ọmọ mi ní Pópó Àgùdà ni mo wà báyìí. Ilé tuntun ni. Obìnrin náà ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àléébù kankan. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ àná, bí mo ti ń jẹun, ògiri ẹ̀yìn mi dún: kó, kó, kó. Ọmọ mi náà gbọ́. Ṣé ẹ bá mi wá ni, àbí ẹ ń pè mí padà?

N ò tíì kàn án padà.

Èmi ni, ọmọ yín olórí kunkun tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń tẹ́tí.