Etí Òsì Alhaja Nàfísátù

                              Ojúlé 9, Òpópónà Akínṣẹ̀yìn,
                              Mushin, Èkó.
                              Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Àǹtí mi Motúnráyọ̀,

Láràárọ̀, kí aláìsàn kankan tó dé, èmi ni mo ń nu kámẹ́rà etí. Kò ju bírò lọ, iná tín-ín-rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Màá rin òwú sínú sípíríìtì, màá nù ún yípo lẹ́ẹ̀mẹta, màá jẹ́ kó gbẹ, màá wá tàn án sí àtẹ́lẹwọ́ mi títí ìlà ọwọ́ mi yóò fi hàn kedere lójú kọ̀ǹpútà. Ìgbà yẹn nìkan lọkàn mi máa ń balẹ̀ ní Èkó yìí.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mà. Ṣé ara yín le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màámi ti ń fúyẹ́? Èmi wà láàyè, bí n kò tilẹ̀ tíì lọ́rẹ̀ẹ́ kankan níbi ìtọ́jú etí tí wọ́n rán wa wá kọ́ṣẹ́.

Lónìí, Alhaja Nàfísátù, aránṣọ kan ládùúgbò, wá ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n Victor, ọ̀gá wa, ya fídíò inú etí rẹ̀ méjèèjì. Ìdọ̀tí dí ọ̀kan pa. Awọ inú èkejì ti lu. Èyí tó dí ni wọn yóò fi omi fọ̀ lọ́la. Èyí tó lu, omi ò gbọdọ̀ kàn án, kó má baà sọ ọ́ di adití.

Ṣùgbọ́n iwájú Alhaja ni Ẹ̀gbọ́n Victor jókòó sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi mọ ọ̀tún àti òsì. Bó ṣe kọ orúkọ etí méjèèjì sódì sára fídíò nìyẹn. Nínú fídíò náà, kí kámẹ́rà tó wọlé, ó kọ́kọ́ kọjá lára etí níta, mo sì rí i pé yẹtí ti fa etí tó lu yẹn ya nísàlẹ̀. Etí òsì Alhaja ló ya. Mo rí i nígbà tó ń tún ìbòrí rẹ̀ wé. Òsì yẹn gan-an ni wọ́n kọ pé kí a fọ̀!

Mo rọra sọ fún ọ̀gá. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ará Òkèihò, ọjọ́ wo lo dé tó o fi ń kọ́ mi lọ́tùn-ún? Jọ̀ọ́, buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò yìí bí ẹlẹ́rìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún fídíò náà wò."

"Èmi tí mo yà á?"

Gbogbo àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí n wá ẹlòmíì tí yóò buwọ́ lu ìwé ìkọ́ṣẹ́ mi nígbà náà. N kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó dáa, kó kùtà, èmi ò ní torí ìyẹn ta èké. Kó fa ìwé náà ya bó bá wù ú. Oṣù méjì tí mo fi ń kọ́ṣẹ́ níbí kò tó etí ènìyàn kan.

Ẹ bá mi kí Màámi àti Bọ̀ọ̀dá Ọládiméjì. Ẹ má sọ fún wọn pé mo bá ọ̀gá fa ọ̀rọ̀; ẹ ní mo ń jẹun dáadáa.

Dókítà Margaret tó ni ibi ìtọ́jú náà ń bọ̀ lọ́la ní aago mẹ́sàn-án; òun ni n ó sọ ọ́ fún. N ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti aago méje. Bí Alhaja bá dé, apá òsì rẹ̀ ni n ó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá gbé omi wá, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá.

Èmi ni àbúrò yín tí kò buwọ́ lù ú,
Òkìkíọlá