Ẹrẹ̀ Tí Mo Pò De Àwọn Tó Sun Ilé Wa

Atikori, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù Kejìlá, 1965.

Mùbàṣírù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé n'Íbàdàn ńbẹ̀. Ṣé ara le, ṣé ọ̀gá rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? A ò ní gbọ́ aburú rẹ. Àwa náà wà nílé Hàmídù àbúrò mi, àmọ́ ara mi ò balẹ̀, ìdúró ni mo ń jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n ti dá ẹjọ́ àwọn tó sun ilé wa nítorí ìbò. Rùfáì, ọmọ Àbíkẹ́ ẹlẹ́ja àdúgbò wa, ni olórí wọn, ó sì jẹ́wọ́. Òyìnbó ni adájọ́ ń sọ, ògbufọ̀ wá ní kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á hùwà ọmọlúàbí fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n máa lọ. Ó dùn mí pé kò jù báyẹn lọ, àmọ́ mo rò ó pé oṣù mẹ́fà tó kọ́lé. Ìwọ náà mọ̀ pé níbí, ẹni tó bá sun ilé ẹlẹ́nìkejì, kó wá dọ̀bálẹ̀, kó sì bá a mọ ògiri rẹ̀ padà ni ìwà ọmọlúàbí.

Bí mo ṣe ti kóòtù dé ni mo po ẹrẹ̀ dè wọ́n níbi ilé wa tó jóná. Ìyá rẹ se ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò ńlá fún àwọn òṣìṣẹ́. A ò rẹ́nì kan. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bi akọ̀wé kóòtù pé aago mélòó ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé, ó parí. Ó parí fún ta ni? Bí mo ṣe ń bọ̀, Rùfáì juwọ́ sí mi látorí lọ́rì ẹgbẹ́ wọn. Inú bí mi, ọmọ mi, inú ṣì ń bí mi.

Láàárọ̀ yìí mo bá ẹnì kan nínú ẹrẹ̀ náà. Àbíkẹ́ ni. Ó ká ìró dé orúnkún, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò gbójú sókè wò mí. Arúgbó tó jù mí lọ ni. Mi ò lè lé e, mi ò sì lè kí i kú iṣẹ́. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́.

Jọ̀ọ́, fi owó páànù méjìlá ránṣẹ́. Bí kò bá sí, mẹ́fà náà tó bẹ̀rẹ̀. Kó o sì bá mi bi àwọn ọ̀mọ̀wé ibi iṣẹ́ rẹ léèrè, ta ni adájọ́ dá lẹ́jọ́ gan-an?

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, ọ̀nà rẹ á là. O ò ní bí ọmọ tí yóò tì ọ́ sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Sàláwù.